Ọmọ Kòríà Tó Fi Ìbòmú Gba Ife ní Houston

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń fi gọ́ọ̀fù gbígbá jẹun ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa sọ pé, "Kí ló kan nọ́ọ̀sì pẹ̀lú gọ́ọ̀fù?" Ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Kim A Lim lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kòríà Gúúsù ni. Lọ́dọ̀ tiwọn, orúkọ ìdílé ló ń ṣáájú, nítorí náà Kim ni orúkọ ìdílé rẹ̀, A Lim ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìlú Houston wa yìí ló ti gba ife tó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2020. Pápá tó ti gbà á wà ní apá àríwá ìlú, kò tó ìrìn wákàtí kan láti Alief bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò bá dí wa lọ́nà.

Ohun tó mú mi gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ni àríyànjiyàn kan tó ń lọ nínú ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa, ì báà jẹ́ pé a sọ ọ́ jáde tàbí a kò sọ ọ́. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí kan pé ọmọ tó bá ń kúnlẹ̀, tó ń kí àgbà, tó ń ro ti ẹlòmíì mọ́ tirẹ̀, wọn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà yìí. Àwọn ọmọ náà ń wo àyíká wọn, wọ́n ń rò pé ẹni tó bá le koko, tó ń fi èjìká ti ènìyàn sẹ́yìn, ló ń dé iwájú. Mo fẹ́ kí a jọ wo ìtàn ọmọ yìí, kí a lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé agbára àti ìwà kò lè jọ gbé inú ènìyàn kan.

Ọdún tí ohun gbogbo yí padà

U.S. Women's Open lorúkọ ìdíje náà. Ọ̀kan pàtàkì ni nínú àwọn ìdíje gọ́ọ̀fù àwọn obìnrin lágbàáyé. Ọdún 1946 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ti ọdún 2020 ló sì pé 75. Champions Golf Club ni wọ́n ti ṣe é. Jack Burke Jr. àti Jimmy Demaret, àwọn méjì tí orúkọ wọn ròkè nínú eré náà, ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1957. Oṣù Kẹfà ló yẹ kí ìdíje náà wáyé, ṣùgbọ́n àrùn Kòrónà dé, wọ́n sún un sí oṣù Kejìlá. Ojúmọmọ kì í gùn lóṣù Kejìlá, nítorí náà pápá méjì ni wọ́n lò ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, Cypress Creek àti Jackrabbit, kí àwọn 156 tó wá díje lè gbá tiwọn tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọn kò gba òǹwòran láyè. Pápá tó yẹ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn máa hó yí ká dákẹ́ rọ́rọ́.

Nǹkan mìíràn tún yí padà. Lọ́dọọdún, àwọn tí kò tíì lórúkọ máa ń kọ́kọ́ díje níbi púpọ̀ láti rí àyè wọlé. Lọ́dún yẹn, wọ́n fagi lé gbogbo ìyẹn, wọ́n sì fi ipò tí ènìyàn wà lágbàáyé pín ọ̀pọ̀ àyè. Báyìí ni A Lim ṣe rí ọ̀nà wọlé. Ẹni ọdún 25 ni, ipò 94 ló wà lágbàáyé, kò sì tíì gbá nínú ìdíje náà rí. Àwọn ará Kòríà mọ̀ ọ́n dáadáa nítorí pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ jìnnà. Ní 2018, òun àti Inbee Park, ẹni tó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Rio ní 2016, ló jọ dé àṣekágbá ìdíje Doosan Match Play, Inbee ló sì borí. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, ta ló mọ̀ ọ́n?

Àrùn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kíyè sí ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ilẹ̀kùn ṣí fún ẹni tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù bọ̀ látẹ̀yìn wá. Dáfídì ti bá kìnnìún àti béárì jà nínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i kí ó tó dúró níwájú Gòláyátì. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí fún ẹni tí kò múra, atẹ́gùn lásán ni yóò gba ibẹ̀ wọlé.

Bí eré náà ṣe lọ

Èmi fúnra mi kò mọ ohunkóhun nípa gọ́ọ̀fù ṣáájú ọdún yẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yìn ọgbà ni àwa ọmọdé ti ń yọjú wo àwọn ọ̀gá tó ń gbá a. Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn tí mo ń tọ́jú lọ́jọ́ Ajé ọjọ́ 14 yẹn ló kọ́ mi. Bàbá arúgbó ni wọ́n, ọ́síjìn wà nímú wọn, ẹbí wọn kò sì lè wọlé wá wò wọ́n nítorí òfin àrùn náà. Tẹlifíṣọ̀n nìkan ló ń bá wọn ṣeré. Bí mo bá wọlé láti wo ọ́síjìn wọn tàbí láti fún wọn lóògùn, wọn á ṣàlàyé díẹ̀ fún mi, wọn á mí, wọn á tún ṣàlàyé díẹ̀ sí i.

Ohun tí wọ́n kọ́ mi nìyí. Ihò 18 ló wà ní pápá kan. Wàá fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi wọ ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì máa ka iye ìgbà tí o gbá a. Ihò kọ̀ọ̀kan ní iye tí wọ́n retí lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá, ó lè jẹ́ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ìdíje ńlá ń gba ọjọ́ mẹ́rin, ihò 72. Ẹni tí iye tirẹ̀ bá kéré jù ló borí. Eré sùúrù ni.

Lọ́jọ́ kìíní, A Lim gbá 68. Lọ́jọ́ kejì, ó gbá 74, lọ́jọ́ kẹta, 72. Hinako Shibuno, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló wà níwájú nígbà náà, ó sì fi márùn-ún ṣáájú rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n parí lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n òjò dá eré dúró, ó di ọjọ́ Ajé. Otútù mú lọ́jọ́ náà. Nígbà tó ku ihò mẹ́ta kí A Lim parí, kò tíì sí níwájú. Ní ihò kẹrìndínlógún, ó fi ẹyọ kan dín sí iye tí wọ́n retí. Ní ihò kẹtàdínlógún, ó tún fi ẹyọ kan dín. Ní ihò kejìdínlógún tó kẹ́yìn, ó tún fi ẹyọ kan dín. Iye tirẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ 67, àpapọ̀ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ 281, mẹ́ta dín sí 284 tí wọ́n retí.

Ó wá dúró, ó ń wo àwọn tó wà lẹ́yìn bóyá ẹnì kan á lé e bá. Kò sí. Jin Young Ko, ọmọ Kòríà bíi tirẹ̀ tó wà ní ipò kìíní lágbàáyé nígbà náà, parí sí 282. Amy Olson, ọmọ Amẹ́ríkà, náà parí sí 282. Ẹyọ kan péré ló wà láàárín ẹni tó gba ife àti àwọn tí kò gbà á. Owó mílíọ̀nù kan dọ́là ló bá ife náà wá. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ti ẹ̀yìn tó ju márùn-ún lọ wá borí lọ́jọ́ ìkẹyìn ìdíje yẹn rí.

Ìbòmú

Ohun tí bàbá yẹn ń tọ́ka sí léraléra ni ìbòmú tó wà lójú ọmọ náà. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù, atẹ́gùn ń fẹ́, ènìyàn kì í sún mọ́ra. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń díje kò lò ó bí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. A Lim lò ó láti ihò kìíní títí dé ìkẹyìn. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi í léèrè, ó ní bí òun bá kó àrùn náà, òun lè fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kó o ran àwọn tí òun àti wọn jọ ń gbá, àti àwọn tó ń gbé àpò ọ̀pá fún wọn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ohun tó ṣe yẹn ti tó. Wákàtí méjìlá ni mo fi ń lo ìbòmú lójúmọ́ nígbà yẹn. Á tutù nítorí èémí, á máa yún ènìyàn nímú, ooru á máa gòkè bá ojú. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò nílò kí èémí rẹ̀ balẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì ríran kedere. Ọmọ yìí gba ohun tó lè dí i lọ́wọ́ mọ́ra, nínú eré tí ẹyọ kan péré pinnu, nítorí ẹni tó ń bá a díje. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: nítorí ẹni tó ń bá a díje.

Ẹ rántí bí Houston ṣe rí lóṣù yẹn. Àwọn wọ́ọ̀dù wa kún. Gáréèjì ni ọ̀pọ̀ nínú àwa nọ́ọ̀sì ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí a tó wọlé fọwọ́ kan ọmọ wa. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí pariwo mọ́ mi nínú ìsọ̀ pé kí n bọ́ ìbòmú mi, pé ojo ni mí. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún bàbá níbi tí mo ti ń tún ìrọ̀rí wọn ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Nígbà tí wọ́n mí tán, wọ́n nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní, "Wo ibi tí bọ́ọ̀lù ojo ń lọ."

Lọ́jọ́ kan náà yẹn, ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sandra Lindsay na apá rẹ̀ ní New York, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rù lè ba ènìyàn lórí ohun tuntun bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó na apá rẹ̀ kí àwọn ẹlòmíì lè rí i kí ọkàn wọn balẹ̀. Ọjọ́ kan, obìnrin méjì, ọ̀kan lórí pápá, ọ̀kan ní ilé-ìwòsàn. Ta ni yóò pe àwọn méjèèjì ní ojo?

Bàbá yẹn sàn, ẹ bá mi dúpẹ́. Wọ́n padà sílé kí Kérésìmesì tó dé.

Ṣé ìtẹríba ló gba ife?

Àwọn ará Kòríà ní àṣà kan tó jọ tiwa. Bí àwa ti ń kúnlẹ̀, tí a sì ń dọ̀bálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ń tẹrí ba fún àgbà. A Lim kì í fi tirẹ̀ ṣeré. Ìkíni rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn òǹwòran fi mọ̀ ọ́n nílé. Bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún un, á kó ọwọ́ méjèèjì lé ikùn, á sì tẹ̀ ba dáadáa, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ní ìkíni. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà náà ló ń tẹ̀ ba tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, ìyá mi wá láti Abẹ́òkúta, a sì lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 15, dúró gbagidi, ó na ọwọ́ sí wọn bí ìgbà tí olùkọ́ bá pàdé olùkọ́. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n fà á mọ́ra, wọ́n sì kì í ní oríkì. Nígbà tí a délé ni mo bi í léèrè. Ó ní, "Mummy, èrò pọ̀ níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí ìránṣẹ́." N kò bá a jà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó ń wo fíìmù Kòríà lórí fóònù bó ti máa ń ṣe. Ọmọbìnrin inú fíìmù náà tẹrí ba fún ìyá àgbà rẹ̀. Mo ní, "Ṣé ìránṣẹ́ ni ìyẹn náà?" Ó wò mí, ó dákẹ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Alief, mo mọ̀ yín. Ẹ mọ orin Kòríà lórí, ẹ mọ orúkọ oúnjẹ wọn. Bí ẹ bá rí ìtẹríba wọn, ẹ máa ń ní ó wuyì. Kí ló dé tí ìkúnlẹ̀ tiwa fi di ohun ìtìjú? Ní Bellaire Boulevard wa yìí, ọmọ Vietnam, ọmọ Ṣáínà, ọmọ El Salvador àti ọmọ Nàìjíríà jọ ń tò sórí ìlà láti ra oúnjẹ. Gbogbo wọn ló ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ìyá àgbà wọn. Kò sí ìdí tí tiwa nìkan á fi sá pamọ́ sínú yàrá.

Mo wá sọ ìtàn A Lim fún ọmọ mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó bi mí pé, "Ṣé ìtẹríba yẹn ló jẹ́ kó borí ni?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin òbí gbọ́ èsì tí mo fún un. Mo ní rárá. Ìwà kì í gbá bọ́ọ̀lù wọ ihò. Ọwọ́ tó ti gbá a láàárọ̀, tó gbá a lọ́sàn-án, tó tún gbá a nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ni ọwọ́ tó ń gbá a wọ ihò. Bí a bá ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá hùwà rere ni yóò máa gba ife nígbà gbogbo, ọjọ́ tí wọ́n bá hùwà rere tí wọn kò rí ife, wọ́n á ju ìwà náà nù.

Ẹ wo Amy Olson tó ṣe ipò kejì. Lọ́jọ́ kìíní ìdíje náà, ó gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan péré ní ihò kẹrìndínlógún, bọ́ọ̀lù náà sì wọlé tààrà. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, ìròyìn dé pé bàbá ọkọ rẹ̀ kú lójijì. Ọkọ rẹ̀ padà sílé lọ bá ẹbí, Amy dúró láti parí ohun tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbá a pẹ̀lú ọ̀fọ̀ lọ́kàn, ó wà níwájú fún apá kan ọjọ́ Ajé, ó sì fi ẹyọ kan pàdánù. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò fara sin. Lẹ́yìn eré náà, ó ní Ọlọ́run ló gbé òun dúró.

Ẹ̀yin ará, àdúrà kì í ṣe owó tí a fi ń ra ife. Ẹni tó gbàdúrà lè ṣe ipò kejì, kí Ọlọ́run sì ti gbé e dúró ní tòótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwà. Kò fún A Lim ní ife, ṣùgbọ́n ìtẹríba rẹ̀ kò gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ìbòmú rẹ̀ kò sì gbà á. Ibi tí àwọn tó ń sọ pé ọmọ oníwà á kẹ́yìn ti ń ṣàṣìṣe nìyẹn. Agbára tí A Lim ní tó bẹ́ẹ̀ tí kò nílò láti rí ẹnikẹ́ni fín kí ó tó lò ó.

Ẹni tó la ọ̀nà, àti ọdún mẹ́rin láìsí ife

Níbo ni irú agbára bẹ́ẹ̀ ti wá? Ẹ̀yin òbí tó ti lé ní ogójì ọdún, ẹ ó rántí SAP ní Nàìjíríà láti 1986, bí owó ṣe ń já wálẹ̀, bí àwọn òbí wa ṣe ń ka ẹran sínú ọbẹ̀. Kòríà náà rí tirẹ̀ ní 1997. Owó wọn já, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kógbá sílé, ìjọba lọ yáwó lọ́wọ́ IMF. Ní oṣù Keje ọdún 1998, ọmọ ogún ọdún kan tó ń jẹ́ Se Ri Pak, tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́ ní gọ́ọ̀fù, wà nínú U.S. Women's Open yìí kan náà, ní Blackwolf Run ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Òun àti Jenny Chuasiriporn ṣe ọgbọọgba, wọ́n ní kí wọ́n tún gbá a. Bọ́ọ̀lù Se Ri lọ há sí etí omi. Ó bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, ó wọ inú omi, ó gbá a jáde. Ihò 20 ni wọ́n gbá lé e kí ó tó borí. Fún orílẹ̀-èdè tí inú rẹ̀ bàjẹ́, ọmọ tó wọ inú omi tó sì jáde yẹn di ìrètí.

A Lim kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà náà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Se Ri, àwọn ọmọbìnrin Kòríà mú ọ̀pá gọ́ọ̀fù lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn òbí wọn náwó, wọ́n nára. Inbee Park wà nínú wọn, Jin Young Ko wà nínú wọn, A Lim náà wà nínú wọn. Ọmọ kan ṣí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ. Bóyá ọmọ yín ló máa ṣí ojú àwọn ọmọ wa. Nàìjíríà náà ti ní Georgia Oboh, tó ti gbá gọ́ọ̀fù dé Ladies European Tour. Ẹ má sì rò pé àwọn olówó nìkan ló ni eré yìí. Ìlú Houston ní pápá tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè sanwó wọ̀, ti Sharpstown Park kò sì jìnnà sí wa. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù aláfọwọ́gbá, dùùrù tàbí ìṣirò ni ọmọ tiyín yàn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kìkì pé mo ń bẹ̀ yín gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì: ọmọ tó bá ní orúnkún tàbí èjìká ń dun òun lẹ́yìn eré, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ jẹ́ kó sinmi, kó sùn dáadáa, bí kò bá sì lọ, ẹ mú un lọ rí dókítà.

Ohun tó tún wú mi lórí jù nínú ìtàn A Lim ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ife náà. Ní 2021, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá nínú LPGA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fi gọ́ọ̀fù ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà níbí. Ẹni tó gba ife tó tó bẹ́ẹ̀, ta ni kò ní rò pé òmíràn ti ń bọ̀ lọ́nà? 2021 lọ. 2022 lọ. 2023 lọ. Kò gba ìkankan nínú LPGA. Oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ló tó tún gba ife, Lotte Championship ní Hawaii. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2025, ó gba Tournament of Champions ní Orlando, Nelly Korda tó wà ní ipò kìíní lágbàáyé nígbà náà ló sì ṣe ipò kejì.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ó bá irú ọdún bẹ́ẹ̀ pàdé. Ẹni tó ṣe kìíní ní Alief lè dé yunifásítì kó rí i pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ṣe kìíní níbi tó ti wá. Lásìkò yẹn, ìyìn tí ẹ gbà lánàá kò ní jí yín láàárọ̀. Iṣẹ́ tó ti mọ́ yín lára àti ìwà tó ti di tiyín ni yóò jí yín.

Kí ni ká ṣe nílé?

Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí ẹ̀yin náà lórí ìkúnlẹ̀. Bí ìyá yín bá pè láti ilé lórí fídíò, ẹ kúnlẹ̀ níwájú fóònù náà kí àwọn ọmọ rí yín. Ọmọ tó bá rí i pé òun nìkan ni wọ́n ń ní kó kúnlẹ̀ á rò pé ìyà ọmọdé ni. Ẹ tún sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn: pé à ń sọ fún àgbà pé a mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà kí àwa tó débí.

Ẹ má sì fi ọ̀wọ̀ pa ohùn wọn. Ọmọ tó mọ ìkúnlẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń wo olùkọ́ lójú tí a sì ń bi í ní ìbéèrè. A Lim tẹrí ba tán, ó gbé orí sókè, ó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ẹ kọ́ wọn ní méjèèjì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ fún yín. Bí ọkàn aláìsàn bá dúró lójijì, gbogbo wa á sáré wọlé. Ẹni tí mo fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tó sì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Mo ti bá àwọn tí ọwọ́ wọn yá tí ẹnu wọn sì burú ṣiṣẹ́ rí. Àwọn kékeré a máa bẹ̀rù wọn débi pé bí wọ́n bá rí i pé oògùn fẹ́ kọjá ìwọ̀n, wọn kò ní lè tètè sọ ọ́. Ìwàǹwára ẹnu lè pa ènìyàn ní wọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ìwà kò wúlò fún ẹni tó mọ iṣẹ́, kò tíì dé ibi tí iṣẹ́ ti le.

Ẹ ṣiṣẹ́ yín débi tí kò ní sí ẹni tó lè sọ pé ẹ kò tó o. Ẹ kí àgbà láìtijú. Bí ẹni tí ẹ jọ ń du ipò kò bá wá sí kíláàsì lánàá, ẹ fún un ní ìwé yín kó dà á kọ. Bí ó bá sì fi ẹyọ kan borí yín, ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ẹ padà sídìí iṣẹ́.

Kí Olúwa fún àwọn ọmọ wa ní ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ àti eékún tó mọ àgbà. Àmín.